Ibùwọ̀ àti Ojú Ọ̀nà: Bí Ìrìn-Àjò Ẹsẹ̀ sí Ilẹ̀ Òkèèrè Ṣe Di Àṣà láàárín Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn jáde kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀ máa ń ní ìdí tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: bí ogun kò bá lé e, òwò ni ó ń lé, bí kò bá sì jẹ́ òwò, ìsìn ni. Àwọn alájàpá ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn àwọn oníṣòwò tí ń ra ọjà ní ìlú kan láti lọ tà á ní ìlú mìíràn, rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù lórí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹnìkan nínú wọn tí yóò sọ pé adùn ìrìn ni ó gbé òun kúrò nílé. Àṣà tí a fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí pé ìrìn-àjò ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yàn ni, tí ó ná owó lé lórí, tí ó sì lọ rìn ní ilẹ̀ àjèjì nígbà tí òkè àti odò tí ó lè fi nàjú kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti lè tọ ipasẹ̀ àṣà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó rìn ín kọ ìwé púpọ̀ nípa rẹ̀. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, orúkọ àwọn akọni ni ó máa ń gba ojú ìwé jù, àmọ́ bí a bá fara balẹ̀ ka ìtàn náà, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ibi tí arìnrìn-àjò yóò wọ̀ sí ní alẹ́, àti iye tí yóò san níbẹ̀, ni ó pinnu àwọn tí ó lè lọ àti àwọn tí yóò dúró sílé.

Àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn Kristẹni àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì kéde pé àwọn ti rí ibojì Jákọ́bù Mímọ́, ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì Jésù, ní ibi tí a wá mọ̀ sí Santiago de Compostela, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo Yúróòpù. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kejìlá, ìwé kan tí a ń pè ní Codex Calixtinus ti ní abala kan tí ó ń sọ fún arìnrìn-àjò nípa odò tí omi rẹ̀ ṣe é mu, ìlú tí ó lè sùn sí àti àwọn ará ọ̀nà tí kò yẹ kí ó fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé etíkun Sípéènì, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Obìnrin kan láti ìlú Lynn, Margery Kempe, wọkọ̀ láti Bristol lọ síbẹ̀ ní 1417, lẹ́yìn tí ó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù bọ̀. Àwọn ilé ẹ̀sìn tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbàgbọ́ ń gbé ni ó ń gba irú àwọn ènìyàn báyìí sílé, tí wọ́n sì ń fún wọn ní oúnjẹ àti ibùsùn. Láàárín 1536 àti 1540, ìjọba Ọba Henry Kẹjọ ti gbogbo ilé ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fòfin de ìrìn-àjò sí ibojì àwọn ẹni mímọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn la ìgboro kọjá kò ní orúkọ ọlá kankan mọ́ tí a lè fi pè é.

Thomas Coryat ni ẹni tí ó gbìyànjú láti wá orúkọ tuntun fún un. Ọmọ àlùfáà abúlé Odcombe ní Somerset ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1608 ó gba Dover kọjá sí Faransé, ó sì lọ dé Venice. Ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin àti ọkọ̀ ojú omi ní apá kan ìrìn náà, àmọ́ ẹsẹ̀ ni ó fi rin púpọ̀ nínú ọ̀nà tí ó gbà padà, gba Switzerland àti Jámánì, nígbà tí ó sì délé, ó fi bàtà tí ó wọ̀ rin gbogbo rẹ̀ kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì Odcombe kí gbogbo ará abúlé lè máa wò ó. Ìwé tí ó kọ, Coryat's Crudities, jáde ní 1611, ó sì kún fún àwọn nǹkan tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò rí rí, títí kan fọ́ọ̀kì tí àwọn ará Ítálì fi ń di ẹran mú nínú àwo, èyí tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí lò nílé tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn kò tó o. Ní 1612 ó tún gbéra, ó gba Constantinople àti Jerúsálẹ́mù, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Aleppo lọ dé Ajmer ní Íńdíà, níbi tí ó ti fi èdè Páṣíà bá ọba Jahangir sọ̀rọ̀. Surat ni ó kú sí ní 1617. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ kà á sí aláwàdà ju akọni lọ, kò sì sí ẹni tí ó tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn tí ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀. Àṣà tí a ń pè ní Grand Tour ni ó gbilẹ̀: àwọn ọmọ ọlọ́lá, pẹ̀lú olùkọ́ àti ìránṣẹ́ lẹ́yìn wọn, máa ń lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Faransé àti Ítálì láti kọ́ èdè, láti wo iṣẹ́ ọnà àtijọ́ àti láti mọ ìwà ààfin, inú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n sì ń gbé láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn jọ alágbe lójú àwọn ènìyàn, òfin ìjọba pàápàá sì fún àwọn aláṣẹ ní agbára láti mú alárìnkiri tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ìfura náà ti jinlẹ̀ tó hàn kedere nínú ìwé tí àjèjì kan kọ. Ní 1782, Karl Philipp Moritz, olùkọ́ láti Jámánì, wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pinnu láti fi ẹsẹ̀ rin ìgbèríko rẹ̀ láti Richmond dé àgbègbè olókè Derbyshire, pẹ̀lú ìwé ewì Milton lápò tí ó ń kà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Láti ilé èrò kan dé èkejì ni wọ́n ti ń wò ó tìfura-tìfura. Àwọn kan ní àyè kò sí, àwọn mìíràn sì fún un ní yàrá tí kò dára. Ní abúlé Nettlebed, inú ilé ìdáná ni wọ́n ní kí ó jókòó sí pẹ̀lú àwọn sójà àti àwọn ìránṣẹ́ ní alẹ́ tí ó dé, àmọ́ nígbà tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e lọ sí pálọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pè é sì yí padà láti orí ti ẹni lásán sí ti ọ̀gá. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ìyẹn kì í ṣe ti Yorùbá nìkan.

Pẹ̀lú irú ojú tí wọ́n fi ń wo ẹlẹ́sẹ̀ báyìí, a lè mọ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Cambridge fi dákẹ́ tí wọn kò sọ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń múra ìrìn ní 1790. William Wordsworth, tí yóò di akéwì ńlá lẹ́yìn náà, àti Robert Jones, ọmọ Wales, ni àwọn méjèèjì. Ìsinmi tí ó yẹ kí wọ́n fi kàwé ni wọ́n fi rìn. Ọjọ́ 13 oṣù Keje ni wọ́n dé Calais, ọjọ́ kan ṣáájú àjọ̀dún tí gbogbo Faransé fi ń ṣe ìrántí ọdún kan tí ìdìtẹ̀ ńlá wọn bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé ijó àti àsè ni wọ́n bá lójú ọ̀nà. Nǹkan bí 20 pọ́n-ùn ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú dání. Nínú lẹ́tà gígùn tí Wordsworth kọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dorothy, láti etí adágún Constance ní oṣù Kẹsàn-án, ó ṣàlàyé bí àwọn ará abúlé ṣe ń fi àwọn rẹ́rìn-ín: ẹ̀wù kan náà, tí wọ́n rán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí ìrìn náà, ni àwọn méjèèjì wọ̀, wọ́n mú ọ̀pá igi óòkù lọ́wọ́, wọ́n sì ru ẹrù wọn sórí. Ará ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá ka ibẹ̀ yóò ṣe kàyéfì pé ohun tí ó bá ìwà dé nílé tirẹ̀ ni ó di àwòrẹ́rìn-ín ní Switzerland, àfi bóyá kí ó béèrè bí wọ́n bá rí òṣùká fi sí i.

Òkè Alps, ìyẹn ọ̀wọ́ òkè gíga tí yìnyín bo orí wọn láàárín Faransé, Switzerland, Ítálì àti Austria, ni wọ́n ń lé. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ń gun ọ̀nà Simplon, èyí tí ó gba àárín àwọn òkè náà kọjá sí Ítálì, nígbà tí àwọn oníbáaka tí wọ́n ń tẹ̀ lé já wọn sílẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n gba ipa ọ̀nà kan tí ó ń gòkè, wọ́n sì ń retí pé àwọn yóò dé ténté, títí tí àgbẹ̀ kan fi sọ fún wọn pé kí wọ́n padà, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ti kọjá orí òkè náà láìmọ̀. Wordsworth kò gbàgbé ìjákulẹ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì fi ṣe ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó lágbára jù nínú ewì gígùn rẹ̀, The Prelude, tí a tẹ̀ jáde ní 1850 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Basel ni wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n sì gba odò Rhine lọ dé Cologne kí wọ́n tó padà sílé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì parí títí di 1815, yàtọ̀ sí àlàáfíà kúkurú kan ní 1802. Ogún ọdún ó lé tí òkun fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi kọ́ láti fẹ́ràn òkè ti ilé wọn, pàápàá àgbègbè adágún ní àríwá ìwọ̀-oòrùn tí Wordsworth fúnra rẹ̀ kọ ìwé atọ́nà sí. Èyí yẹ ní sísọ nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìgbèríko ilé ni ó kọ́kọ́ wà nínú ìfẹ́ àwọn ènìyàn, tí òkèèrè sì wá gba ojú rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀ràn rí ní òdì kejì, tí ogun tàbí àìlówó sì jẹ́ ohun tí ó lé ni padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí àlàáfíà dé, ọ̀nà Alps tún ṣí, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin fi mú un súnmọ́ tòsí. Ọ̀mọ̀wé Geneva kan, Horace-Bénédict de Saussure, ti rìn yí òkè Mont Blanc ká ní 1767 láti mọ bí a ṣe lè gùn ún, ipa ọ̀nà tí ó gbà sì sún mọ́ èyí tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn lónìí, tí ó gùn tó nǹkan bí 170 kìlómítà la ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá. Ní 1857, àwọn ọkùnrin ọlọ́rọ̀ dá Alpine Club sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ àwọn agunkè àkọ́kọ́ ní àgbáyé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí lè san owó fún amọ̀nà, wọ́n sì ní oṣù méjì tí wọ́n lè fi ṣe fàájì nígbà ẹ̀rùn. Thomas Cook ni ó rí i pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní owó díẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọkùnrin yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ okòwò rẹ̀ ní 1841 pẹ̀lú ìrìn-àjò rélùwéè fún àwọn tí kò mu ọtí, kó ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sí Switzerland ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 1863.

Ọ̀kan nínú wọn ni Jemima Morrell, obìnrin láti ìlú Selby ní Yorkshire, tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń jí, ìgbà mìíràn agogo márùn-ún kò tí ì lù. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn tí ó gbálẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀pá olórí irin lọ́wọ́ la Mer de Glace kọjá, èyí tí ó jẹ́ odò yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ Mont Blanc, ìyẹn yìnyín tí ó ki pọ̀ tí ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún rọra ṣàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà Gemmi, tí a gbẹ́ sára àpáta tí ó dá gúnlẹ̀ bí ògiri. Ohun tí Cook tà fún wọn gan-an ni ìdánilójú: tíkẹ́ẹ̀tì kan tí yóò gbé wọn dé ibẹ̀, àti òtẹ́ẹ̀lì tí ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Àkọsílẹ̀ Jemima sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì rí i nínú àwókù ilé kan ní London lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìrìn náà.

Àwọn òǹkọ̀wé pẹ̀lú ń rìn. Robert Louis Stevenson, ará Scotland, fi ọjọ́ 12 rin òkè Cévennes ní gúúsù Faransé ní 1878 pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Modestine, tí ó gbé ẹrù rẹ̀ tí ó sì fi agídí rẹ̀ dá a lágara, Hilaire Belloc sì rìn láti Toul dé Róòmù, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1902. Ìwé méjèèjì dùn, àmọ́ àwọn tí ó kọ wọ́n kò ní ọ̀gá tí ó ń ka wákàtí iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn ahunṣọ ìlú Colne ní Lancashire ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún, tí wọ́n ń pè ní wakes, ni gbogbo ilé iṣẹ́ òwú ìlú náà máa ń ti ilẹ̀kùn, owó ọ̀sẹ̀ náà kò sì wọlé. Etíkun Blackpool ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, níbi tí ọtí àti àríyá ti ń gba ohun tí wọ́n fi ọdún kan tọ́jú. T. A. Leonard, àlùfáà ìjọ kan níbẹ̀, kò fẹ́ràn èyí, ó sì kó nǹkan bí 30 ọkùnrin lọ sí Ambleside ní àgbègbè adágún fún ọjọ́ mẹ́rin ní 1891. Láti inú ìyẹn ni ẹgbẹ́ ìsinmi alájẹṣẹ́kù rẹ̀, Co-operative Holidays Association, ti jáde ní 1893: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dáwó, wọ́n ń sùn ní ilé kan náà, wọ́n sì ń fọ bàtà ara wọn. Ní 1913 ó kúrò níbẹ̀, ó dá òmíràn tí ó ń jẹ́ Holiday Fellowship sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú àfojúsùn rẹ̀ pé ìbárẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè jẹ́ ara ìdí tí ènìyàn fi ń rìn. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti Jámánì tí ó ń fẹ́ kí wọ́n bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ó gba inú ogun náà kọjá, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ìṣòro mìíràn tún wà nílé tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nígbà tí a bá ń wádìí ìdí tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo òkèèrè. Ọ̀pọ̀ òkè tí ó yí ìlú Manchester àti Sheffield ká ni àwọn ọlọ́lá ti fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa ẹyẹ, àwọn aṣọ́gbó sì ń lé ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ọ́mọ̀ gun òkè Kinder Scout ní Derbyshire láìgba àṣẹ, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn díẹ̀ nínú wọn àti àwọn aṣọ́gbó, a sì sọ márùn-ún nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n. Ìgbèríko ilé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tiwọn ní ẹni tí ó ni ín. Àgbègbè kan náà ni Moritz ti rìn ní 150 ọdún ṣáájú, tí ìṣòro rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn onílé èrò nìkan.

Ohun tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà wá láti ọwọ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Richard Schirrmann ń kọ́ni ní ìlú Altena ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ó sì máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1909, òjò ńlá pẹ̀lú àrá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà ní àfonífojì Bröl, wọ́n sì sùn mọ́jú nínú ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan lórí koríko gbígbẹ. Bí àwọn ọmọ ti ń sùn, ó ń ronú pé gbogbo abúlé Jámánì ni ó ní ilé ẹ̀kọ́, pé òfìfo ni gbogbo wọn máa ń wà nígbà ìsinmi, àti pé bí a bá tẹ́ ibùsùn sí wọn, ọmọ tálákà lè fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ilẹ̀ náà já. Èrò yìí ni ó di ilé ìsùn ọ̀dọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní youth hostel. Ní 1912 ó ṣí èyí tí yóò dúró pẹ́ nínú ilé olódi àtijọ́ tí ó wà lórí òkè Altena, ilé náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ibùsùn onígi tí a tò léra wọn lókè ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni ó sì ń gbálẹ̀. Kí ọdún 1930 tó dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ti ju 2,000 lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ rí i níbẹ̀ gbé e wá sílé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ YHA sílẹ̀ ní 1930, ṣílè kan ni ẹnìkan ń san fún alẹ́ kan, nígbà tí ó sì fi di 1939, ẹgbẹ́ náà ti ní nǹkan bí 300 ilé àti ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ju 80,000 lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1932, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè 11 pàdé ní Amsterdam, wọ́n sì gbà pé kí ọmọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan lè sùn ní ilé orílẹ̀-èdè kejì. Ó yẹ kí òpìtàn dúró díẹ̀ lórí àdéhùn yìí, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ ìrìn ní òkèèrè di ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọrùn tó ìrìn nílé fún akọ̀wé báńkì tàbí ọmọbìnrin tí ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù: ó mọ iye tí yóò san, ó mọ irú ibùsùn tí yóò bá, ó sì mọ̀ pé kò sí onílé èrò tí yóò wo bàtà rẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn. Schirrmann ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìjọba Hitler fi ọwọ́ agbára gba àwọn ilé ìsùn Jámánì, wọ́n sì fi wọ́n sí abẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn, wọ́n sì mú kí Schirrmann fi ipò ààrẹ náà sílẹ̀ ní 1936.

Ìwé ìrìnnà pẹ̀lú ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ṣáájú 1914, ará Britain lè wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù láìmú ìwé kankan dání. Ogun ni ó mú òfin ìwé ìrìnnà alápèjúwe àti aláwòrán wá, nígbà tí ogun sì parí, òfin náà kò bá a lọ. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ti tò sí iwájú ọ́fíìsì físà rí kò ní nílò àlàyé lórí bí ohun tí a ṣe fún ìgbà díẹ̀ ṣe ń di ti ayérayé. Patrick Leigh Fermor mú ìwé tirẹ̀ dání nígbà tí ó gbéra ní oṣù Kejìlá ọdún 1933, ọmọ ọdún 18 ni, láti fi ẹsẹ̀ rìn láti Hook of Holland ní Nẹ́dálándì lọ sí Constantinople, pẹ̀lú pọ́n-ùn mẹ́rin lóṣù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ní Munich, wọ́n jí àpò rẹ̀ gbé nínú ilé ìsùn ọ̀dọ́, ìwé ìrìnnà náà sì bá a lọ, aṣojú ìjọba Britain níbẹ̀ ni ó bá a ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé e la Jámánì já ni àṣà àtijọ́ kan tí ó bá níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tálákà tí ó ń rìnrìn-àjò lè lọ bá olórí ìlú, kí ó gba ìwé pélébé kan, kí ó mú un lọ sí ilé èrò, wọn yóò sì fún un ní oúnjẹ alẹ́, bíà, ibùsùn, àti búrẹ́dì pẹ̀lú kọfí ní òwúrọ̀, lówó ìlú. Ní Nẹ́dálándì, àgọ́ ọlọ́pàá ni ó ti sùn ní alẹ́ kan, kò sì ṣẹ̀ sí òfin. Ó wọ Constantinople bí ọdún 1934 ti ń parí lọ. Ó di 1977 kí apá kìíní ìwé rẹ̀, A Time of Gifts, tó jáde.

Ogun kejì tún ti ọ̀nà pa, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó ilẹ̀ òkèèrè sì di ohun tí ìjọba ń ṣọ́. Òfin ìsinmi pẹ̀lú owó ti wà láti 1938, àmọ́ láti 1966 títí di òpin 1969, 50 pọ́n-ùn péré ni ìjọba Britain gbà kí ènìyàn fi ra owó orílẹ̀-èdè mìíràn fún ìrìn-àjò kan. Arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ tí ń sùn ní ilé ìsùn lè fi iye náà rìn dáadáa ju ẹni tí ó wọ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ní àkókò kan náà, àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù ń kun ọ̀nà. Láti 1947 ni Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà pupa àti funfun sàmì sí ara igi àti òkúta lójú ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní GR, ọ̀nà Stevenson sì wà lára wọn lónìí gẹ́gẹ́ bí GR 70. Ní 1969, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà pàdé ní gúúsù Jámánì láti dá ẹgbẹ́ tí yóò so àwọn ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀ sílẹ̀. E1, tí ó ti àríwá pátápátá ní Norway lọ sí Sicily, ju 7,000 kìlómítà lọ.

Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù kò ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kankan bẹ̀rẹ̀. Elías Valiña, àlùfáà abúlé O Cebreiro ní Sípéènì, ni ó gbé ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1984, tí ó ń ya ọfà sára ògiri, igi àti àpáta kí àwọn tí ń lọ sí Santiago má baà ṣìnà, nítorí pé àwọn tí ń lọ síbẹ̀ ní ọdún wọnnì kò pọ̀ tó láti la ipa sílẹ̀ fún ara wọn. Ní 1987, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù kéde rẹ̀ ní ọ̀nà àṣà àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìsùn ará ọ̀nà tún ṣí, ẹni tí ó bá rin 100 kìlómítà tí ó kẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ní ibùwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba ìwé ẹ̀rí. Ní 2023, àwọn tí ó gbà á ju 440,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò wá torí Jákọ́bù Mímọ́.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí Britain ti kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, ará Britain kò gbọ́dọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo òfin ààlà kan náà tí a ń pè ní Schengen. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan bá gbéra lónìí ní oṣù Kejìlá gẹ́gẹ́ bí Leigh Fermor ti ṣe, tí ó sì rin ìwọ̀n tí ó rìn, ọjọ́ rẹ̀ yóò ti pé kí ó tó dé afárá Esztergom tí ó wọ Hungary, yóò sì ní láti padà sílé fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbà á wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gé àwọn ọ̀nà gígùn náà sí wẹ́wẹ́ nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún tí ń bọ̀, tí wọ́n sì ń fi àmì sí ibi tí wọ́n dúró sí lórí máàpù.